Ọlálẹ́yẹ, Ẹ̀gà, àti Ọjọ́ Ìsinmi

Kí gbogbo Òwu tó gbọ́ pé Ọlálẹ́yẹ ti di onígbàgbọ́, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà tó ń gbé lẹ́bàá oko rẹ̀ ti mọ̀. Wọ́n rí i pé ọkùnrin tó máa ń fi kànnàkànnà lé wọn kiri fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko kì í yọjú lọ́jọ́ keje. Lọ́jọ́ keje yìí ni wọ́n máa ń kó ara wọn wá, tìyá tọmọ, tàna tàlejò, wọ́n á bọ́ sínú ìrẹsì ọkùnrin náà bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọlálẹ́yẹ àti Ọlọ́run kò bẹ̀rẹ̀ lóko. Orí odi ìlú ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún tí Dàhọ̀mì wá bá Abẹ́òkúta jà. Ọlálẹ́yẹ wà lára àwọn tó dúró lórí odi lọ́jọ́ náà, kì í sì í fi bò pé ẹ̀rù ba òun débi pé òun gbàgbé pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun. Ẹnu nìkan ló rántí lò. Ó pe òrìṣà bàbá rẹ̀, ó pe ti ìyá rẹ̀, ó pe ti àwọn àna rẹ̀ pàápàá. Ó pe Ọlọ́run àwọn ìmàle bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu Mọ́ṣúdù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí oko wọn jọ pààlà. Nígbà tí ọkùnrin Sàró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì kígbe pe Jésù, Ọlálẹ́yẹ bá a ké e. Bó ti ń pè é lọ́wọ́ ni ọta ìbọn kan gba inú fìlà rẹ̀ wọlé lápá kan, tó gba apá kejì jáde, tí kò sì kan irun kan lórí rẹ̀.

Nígbà tí ogun tú ká tí àwọn èèyàn ń jó kiri ìlú, Ọlálẹ́yẹ jókòó sílé, ó gbé fìlà náà lé orúnkún. Ohun tó ń gbé e lọ́kàn kì í ṣe ọ̀run àpáàdì, nítorí kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà náà. Ọpẹ́ ló ń gbé e lọ́kàn. Bí ènìyàn bá ṣe ọ́ lóore, ó yẹ kí o mọ ilé rẹ̀, kí o lè lọ kí i. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe é nínú gbogbo àwọn tó pè? Bó bá lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe é, onítọ̀hún á kàn gba ọpẹ́ ọlọ́pẹ́, ẹni tó ṣe é á sì máa wò ó. Adépéjú, ìyàwó rẹ̀, ní kó pín ọpẹ́ náà káàkiri bí ẹni pín ẹran, kó sì lọ sóko. Mọ́ṣúdù ní ọ̀rọ̀ náà kò le, pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà, òun sì ti sọ fún un tipẹ́. Ọlálẹ́yẹ ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ ẹni náà fúnra òun ni.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Tíṣà Herbert dé sí Òwu. Ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá rẹ̀ tí wọ́n tà sóko ẹrú, tí àwọn ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì já a sí Sàró. Sàró ni wọ́n bí Herbert sí. Ó wá sílé pẹ̀lú fìlà gíga dúdú, bàtà tó ń ké, àti Harriet ìyàwó rẹ̀. Èdè wa dán lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹsẹ̀ tó wà nínú bàtà tuntun. Ọlálẹ́yẹ gbé fìlà rẹ̀ lọ bá a, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Tíṣà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Jésù ló gbà á. Ọlálẹ́yẹ bi í bó ṣe mọ̀, nígbà tí kò sí lórí odi lọ́jọ́ náà. Tíṣà ní kó wá sí kíláàsì, kó kọ́ àwọn ìbéèrè àti ìdáhùn, pé bó bá mọ ìdáhùn wọn tán yóò mọ Ọlọ́run.

Èyí ya Ọlálẹ́yẹ lẹ́nu díẹ̀. Ó ti rò pé láti mọ ènìyàn, ẹ ní láti jọ jẹun, kí ẹ jọ jà, kí o mọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín àti ohun tó ń bí i nínú. Ṣùgbọ́n ó rò pé ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn tó ga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Inú Tíṣà dùn láti rí ọkùnrin tó ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún tí kò ní ju ìyàwó kan lọ, ó sì ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù. Ọlálẹ́yẹ kò jẹ́ kí ìyìn náà pẹ́. Ó ní kì í ṣe ìwà mímọ́, pé ẹnu Adépéjú nìkan tó ìyàwó mẹ́ta, òun kò sì lágbára ẹ̀kẹrin.

Ohun kan ló ń dun Tíṣà Herbert ní Abẹ́òkúta, ìrẹsì ni. Ìrẹsì ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ní Sàró. Ó ń jẹ iyán, ó ń jẹ ọkà, ó sì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń lọ jìnnà bó bá ń gbé òkèlè mì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan fi irúgbìn ìrẹsì ránṣẹ́ sí i gba Èkó wá, ó wò yíká kíláàsì, ó rí i pé Ọlálẹ́yẹ nìkan ló ní ilẹ̀ àkùrọ̀, lẹ́bàá odò kékeré kan lọ́nà Ọ̀fàdà. Ó gbé irúgbìn náà lé e lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé ọmọ fún ìyá àgbà. Ọlálẹ́yẹ àti Adépéjú gbìn ín. Adépéjú kò bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun ti ní wàhálà tó, ṣùgbọ́n oko kò ní ẹ̀sìn. Wọ́n jọ ro ó, wọ́n jọ ṣọ́ ọ. Ìrẹsì yọ, ó dàgbà, ó so, orí rẹ̀ sì tẹ̀ ba bí ẹni ń gbàdúrà.

Ìgbà náà ni ẹ̀gà dé.

Ọjọ́ mẹ́fà, tọkọtìyàwó á pín oko sí méjì. Wọ́n ti fi igi mẹ́rin gbé pèpéle kan ró láàárín oko tí èèyàn lè dúró lé kó rí gbogbo rẹ̀, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pariwo tí wọ́n ń ju òkúta. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsinmi, Ọlálẹ́yẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó lórí pákó, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Tíṣà pẹ̀lú etí kan, ó sì ń gbọ́ ẹ̀gà pẹ̀lú èkejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oko jìnnà. Adépéjú náà a máa lo ọjọ́ yẹn nílé, nítorí iṣẹ́ ilé tí ọjọ́ mẹ́fà ti kó jọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, igun oko tó kọjú sí odò ti di pòròpórò lásán.

Ọlálẹ́yẹ lọ bi Tíṣà bóyá ẹyẹ lílé jẹ́ iṣẹ́. Tíṣà ní iṣẹ́ ni. Ó ní bó bá kàn dúró sínú oko ńkọ́, tí kò lé wọn, tí wọ́n bá rí i tí wọ́n sá fúnra wọn? Tíṣà ní Ọlọ́run ń wo ọkàn. Ọlálẹ́yẹ ní kí Ọlọ́run wo ọkàn òun dáadáa nígbà náà, ìrẹsì Tíṣà ló wà níbẹ̀. Tíṣà mí kanlẹ̀, nítorí òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ padà.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ọlálẹ́yẹ kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó lọ sóko, ó gun orí pèpéle, ó sì sin Ọlọ́run níbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ó kọ gbogbo orin tí Tíṣà kọ́ wọn, ó ń kọ ọ́ sókè, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń na ọwọ́ sí ọ̀run lápá ibi tí ẹ̀gà bá pọ̀ sí. Kò ju òkúta kan. Ohùn Ọlálẹ́yẹ kì í ṣe ohùn orin; Adépéjú ní bó bá ń kọrin ní ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ a máa dìde. Ẹ̀gà kò balẹ̀ lọ́jọ́ náà rárá.

Àwọn tó ń gbẹ́rù bọ̀ láti Ọ̀fàdà gbọ́ ọ, wọ́n sì gbé e wọ ìlú. Wọ́n ní àwọn onígbàgbọ́ ti ní ọfọ̀ tuntun tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ, pé orin ni wọ́n ń kọ ọ́, pé ó gùn, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àgbẹ̀ méjì láti Ìjẹjà wá sí ilé Tíṣà pẹ̀lú adìyẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ àwọn ní orin ẹyẹ.

Tíṣà pe Ọlálẹ́yẹ dìde níwájú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ ìsinmi kejì. Ó bi í bóyá òótọ́ ni pé ó fi ìyìn Ọlọ́run lé ẹ̀gà. Ọlálẹ́yẹ dìde, ó tún aṣọ ró, ó sì dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

"Tíṣà, ẹ sọ fún wa pé orin yìí ń lé Èṣù. Èyí tí kò bá lè lé ẹ̀gà, báwo ni yóò ṣe lé Èṣù? Mo kọ́kọ́ fi èyí tó kéré dán an wò ni."

Àwọn èèyàn fi aṣọ bo ẹnu. Harriet, ìyàwó Tíṣà, tẹ orí ba, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ṣùgbọ́n Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n yọ orúkọ Ọlálẹ́yẹ kúrò nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ rì bọmi ní Kérésìmesì.

Ó dun Ọlálẹ́yẹ ju bó ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ. Ó ti ń wá ẹni tó gbà á lórí odi láti ọdún márùn-ún, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹ̀gà sì tì í síta. Mọ́ṣúdù gbọ́, ó sì wá pẹ̀lú ìmọ̀ràn tó tọ́. Òun náà ní ọkà bàbà lóko tí ẹyẹ ń yọ lẹ́nu, òun náà sì máa ń wá sílé ní ọjọ́ Jímọ̀ láti kírun. Kí Ọlálẹ́yẹ máa bá òun ṣọ́ oko ní Jímọ̀, kí òun máa bá a ṣọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, ẹnikẹ́ni kò sì ní rẹ́ Ọlọ́run rẹ̀ jẹ. Ọlálẹ́yẹ sáré mú un tọ Tíṣà lọ. Tíṣà ṣí ìwé. Ó ní òfin dárúkọ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìránṣẹ́ rẹ̀, ẹran ọ̀sìn rẹ̀, àní títí dé orí àlejò tó wà lágbègbè rẹ̀, pé ẹnì kankan nínú wọn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún un lọ́jọ́ náà. Mọ́ṣúdù wà nínú èyí tó kẹ́yìn. Kí Ọlálẹ́yẹ lọ kọ́ òfin náà sórí.

Ó kọ́ ọ. Ó ń kà á bó ṣe ń hun agbọ̀n, ó ń kà á bó ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ, títí Adépéjú fi mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin náà dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà.

"Wọ́n ka màlúù," ni Adépéjú wí, "wọ́n ka àlejò tí a kò mọ ìlú rẹ̀. Ìyàwó dà?"

Ọlálẹ́yẹ fi ìka ka gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò rí ìyàwó.

"Ó jẹ́ pé Ọlọ́run yín mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáná," ni ó wí. "Ẹ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín. Èmi á lọ sóko."

Ọlálẹ́yẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń ṣe òsúkè. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ ìsinmi tètè mọ́ kó lè jókòó síwájú Tíṣà pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó sọ fún un pé kó sọ pé rárá, pé obìnrin yìí ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà bíi tirẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ àti aṣọ fífọ̀ lórí rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn náà dáadáa. Ó dá a lóhùn pé ìyàwó kò sí nínú òfin.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Adépéjú dé oko, ó gun pèpéle, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ké mọ́ ẹ̀gà. Okùn tí wọ́n fi so igi mẹ́rin náà ti jẹrà. Bó ṣe fa apá sẹ́yìn láti ju òkúta ni ìdí igi kan yẹ̀, obìnrin náà sì já bọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́ nísàlẹ̀ orúnkún. Mọ́ṣúdù wà lóko tirẹ̀. Ó ní kì í ṣe igbe ló pe òun. Ohun tó jẹ́ kí òun mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ni pé òun kò gbọ́ ohùn Adépéjú mọ́. Nígbà tó dé ibẹ̀, ẹ̀gà ti balẹ̀ yí i ká, wọ́n ń jẹun lọ. Ó gé igi, ó dè é mọ́ ẹsẹ̀ náà, ó sì pọ̀n ọ́n bí ọmọ. Ó rìn wọ ìlú láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

Ìsìn ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà ń ṣàlàyé bí ìsinmi ọ̀run yóò ṣe rí. Mọ́ṣúdù kò wọlé. Ó dúró síta nínú oòrùn, òógùn ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì pè láìpariwo:

"Ọlálẹ́yẹ, wá gba ìyàwó rẹ."

Ọkùnrin kan ní Ìjẹun tó ń to eegun bá wọn tò ó. Ó fi ọ̀pá dè é, ó ní Adépéjú kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí. Èyí ẹ̀gbọ́n wà nílé ọkọ ní Ìjẹ̀bú, àbúrò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ìkókó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nílé. Ọlálẹ́yẹ ló kù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti la igi ìdáná, ibẹ̀ ló sì ti bá Ọlọ́run jà. Kò kúnlẹ̀, kò dijú, àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti ń wá a láti ọjọ́ odi, òun ti wọ aṣọ mímọ́ lọ sílé rẹ̀, òun ti kọ́ ìdáhùn mọ́kànlélógún sórí, òun sì ti fún àwọn ẹyẹ rẹ̀ ní ìrẹsì jẹ. Ṣé báyìí ló ṣe ń gba àlejò? Ó ní bó bá jẹ́ pé òun ló fẹ́ jẹ níyà, òun ló yẹ kó já láti orí igi. Kí ló dé tó fi jẹ́ Adépéjú? Ta ló rán Adépéjú lọ síbẹ̀?

Nígbà tó bi ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àáké, ó ń retí kí Ọlọ́run dá a lóhùn. Ẹni tó dá a lóhùn ni Adépéjú. Ó ń pè láti inú yàrá pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

Ó gbé omi lọ fún un. Ó dì í mú láti ẹ̀yìn títí ó fi mu ún tán. Ó sì sọ fún un pé ohun kan ti sọ fún òun pé kí òun má jẹ́ kó lọ, òun sì ti fi òfin pa á lẹ́nu mọ́. Adépéjú ní òun mọ̀, pé òun rí i lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ó ní iṣu ti ń jóná.

Ogójì ọjọ́ pọ̀. Ọlálẹ́yẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún iyán tí kò ní kókó, kò sì mọ̀ ọ́n. Ó fọ aṣọ, àwọn obìnrin ní etí odò sì wá wò ó bí ẹni ń wo egúngún. Ó ń gbé obìnrin náà lọ síta ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó ń da ìgbẹ́ rẹ̀ nù. Adépéjú dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ń pàṣẹ bí ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Mọ́ṣúdù ní kó má ronú oko, òun á ṣe ohun tí òun bá lè ṣe.

Lọ́jọ́ ìsinmi kẹta tí Ọlálẹ́yẹ kò yọjú, Tíṣà Herbert jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gba ilé Ọlálẹ́yẹ lọ, bàtà rẹ̀ ń ké lórí òkúta Òwu. Ó ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó bá ọkùnrin náà níwájú ọlọ, ó ń lọ ata, omi ń dà lójú rẹ̀, iṣu tí kò tíì bẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kí i, ó sì bi í bóyá ó mọ ọjọ́ tí òní jẹ́.

"Ẹ kú ìsìn, Tíṣà," ni Ọlálẹ́yẹ wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí n kọ́ òfin sórí, mo kọ́ ọ. Ìyàwó kò sí níbẹ̀, mo wò ó dáadáa. Nítorí náà mo jókòó, ó ṣiṣẹ́. Ní báyìí, ó dùbúlẹ̀, mo ń ṣiṣẹ́. Mo rò pé báyìí ló wu Ọlọ́run kó rí, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ní ìwé."

Adépéjú gbọ́ ohùn Tíṣà láti inú yàrá, ó kí i dáadáa, ó bi í léèrè Harriet, lẹ́yìn náà ó ní bó ti jẹ́ pé Tíṣà ti dé, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo, ṣé kò ní bínú kó bá wọn bẹ iṣu yẹn, nítorí ebi ń pa òun láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà ṣí fìlà gíga rẹ̀, ó wá ibi tí yóò gbé e sí, kò rí, ó gbé e lé orí odó. Ó jókòó lórí àpótí, ó sì mú ọ̀bẹ. Ó bẹ ẹ́ débi pé ìdajì iṣu náà bá èèpo lọ.

Ó ní Harriet ti dìde ní àárọ̀ yìí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní ó dáná, ó lọ aṣọ funfun tí òun wọ̀ yìí pẹ̀lú irin gbígbóná, ó gbá ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti wà nídìí iná ní báyìí, ó ń dúró de òun. Ó tún bẹ ẹ́ díẹ̀.

"Láti ìgbà tí a ti ti Sàró dé," ni ó wí, "n kò mọ̀ bóyá obìnrin yẹn ti sinmi lọ́jọ́ ìsinmi kan rí. N kò bi í rí."

Ọlálẹ́yẹ ní kó má fi ọwọ́ iṣu nu ojú, yóò yún un.

Ohun tó jáde nínú oko kò tó nǹkan. Mọ́ṣúdù ti lé ẹyẹ títí ọ̀fun rẹ̀ fi há, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló máa ń fi sílẹ̀, síbẹ̀ agbọ̀n mẹ́ta péré ni wọ́n kó. Ọlálẹ́yẹ fún un ní ọ̀kan, wọ́n fi ọ̀kan sílé, wọ́n sì gbé ẹ̀kẹta fún Tíṣà. Harriet sè é. Tíṣà jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, òkúta sì dá eyín rẹ̀ kan. Ó ní kò rí bíi ti Sàró, ó sì tún bu sí i.

Tíṣà kò dìde lórí pẹpẹ láti sọ pé òun ti ṣìnà. Kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó dá orúkọ Ọlálẹ́yẹ padà. Láti ìgbà náà, aṣọ Tíṣà máa ń rí jágbajàgba lọ́jọ́ ìsinmi nítorí kò sẹ́ni tó lọ̀ ọ́, àwọn ìyá ìjọ sì ń sọ láàárín ara wọn pé tọkọtìyàwó náà ti ń jà.

Ní Àjíǹde, òyìnbó kan wá bi àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi ní ìbéèrè. Tíṣà ló ń túmọ̀. Òyìnbó náà bi Ọlálẹ́yẹ bóyá ó mọ Ọlọ́run. Ìdáhùn náà wà nínú èyí tó kọ́ sórí, nọ́ńbà rẹ̀ ni ìkẹrin, ṣùgbọ́n ó fò ó dà nù. Ó ronú, ó sì wí pé:

"Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ Adépéjú. Kò tíì sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Nígbà mìíràn n kò tilẹ̀ mọ ohun tí mo ṣe. Àmọ́ bó bá pè mí, mo mọ̀ pé òun ni, mo sì mọ̀ bí n kò bá jẹ́ ẹ."

Tíṣà Herbert wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí òyìnbó, ó sì ka ìdáhùn ìkẹrin fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Òyìnbó mi orí, inú rẹ̀ dùn, ó kọ orúkọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, Ọlálẹ́yẹ ní òun rí i pé ọ̀rọ̀ òun gùn, ṣùgbọ́n èyí tó jáde lẹ́nu Tíṣà kúrú. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì rí.

Wọ́n rì í bọmi. Adépéjú wá wò ó, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Harriet. Lẹ́yìn èyí, ó tún wá lọ́jọ́ ìsinmi mìíràn, ó sì tún wá. Kò forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì kankan, kò kọ́ ìdáhùn kankan. Tíṣà bi í ohun tó ń gbé e wá. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, ibí yìí nìkan ni òun ti jókòó rí tí ẹnikẹ́ni kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ òun. Bí ìwàásù bá ti bẹ̀rẹ̀, á gbé ọ̀pá rẹ̀ lé ẹsẹ̀, á fi ẹ̀yìn ti ògiri, á sì sùn lọ fọnfọn. Àwọn àgbà ìjọ ní kí Tíṣà jí i. Tíṣà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.